Bí ẹ ó ṣe wọ local Mumbai láàárọ̀, tí ẹ ó sì bọ́ sílẹ̀ níbi tó yẹ

Mumbai, ìlú ńlá ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, gùn, kò fẹ̀. Òkun há a mọ́, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì wà nísàlẹ̀ lápá gúúsù, ilé tí agbára òṣìṣẹ́ ká sì wà lókè lọ́hùn-ún, ní Borivali, Virar, Thane àti Kalyan. Ọkọ̀ ojú irin tí gbogbo ará ìlú ń pè ní local ló so ilé pọ̀ mọ́ ibi iṣẹ́, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 6 ló sì ń gbé lóòjọ́. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, kò sì sí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ mọ́tò lójú irin. Ohun kan ló le níbẹ̀: bí ọkọ̀ bá dé ibùdókọ̀, bíi ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30 ló máa ń lò, ó ti lọ nìyẹn. Ẹni tó bá dìgbà tí ọkọ̀ dé kó tó máa wá ẹnu ọ̀nà, òun ló ń kù sílẹ̀. Nítorí náà, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ máa kà níbí, kí ọkọ̀ tó yọ lọ́ọ̀ọ́kán ni wọ́n ń ṣe é.

Ẹ mọ ojú irin tí ẹ fẹ́

Mẹ́ta ló ṣe pàtàkì. Western gbéra láti Churchgate, ó gba Dadar, Bandra, Andheri àti Borivali lọ sí Virar. Díẹ̀ nínú wọn ń dé Dahanu Road. Central gbéra láti Chhatrapati Shivaji Maharaj Terminus, ibi tí wọ́n ń kọ ní CSMT, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní VT. Ó gba Dadar, Kurla àti Thane lọ sí Kalyan, níbi tó ti pín sí méjì: ọ̀kan kọrí sí Kasara, èkejì sí Karjat àti Khopoli. Harbour náà ti CSMT gbéra, ó gba Kurla àti Vashi lọ sí Panvel, ẹ̀ka rẹ̀ kan sì yà lọ sí Andheri àti Goregaon. Ilé CSMT yìí rẹwà, UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé láti 2004, àmọ́ ẹ má dúró wò ó ní aago 9 àárọ̀. Èrò á gbá yín lọ.

Dadar ni wọ́n ti ń kúrò nínú Western bọ́ sí Central, Kurla ni ti Central sí Harbour. Ní Dadar, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá fi nọ́ńbà àtijọ́ júwe ọ̀nà. Kó tó di Oṣù Kejìlá 2023, pèpéle nọ́ńbà 1 wà lápá Western, òmíràn tún wà lápá Central, àlejò kì í mọ èwo ni èwo. Wọ́n ti tò wọ́n tẹ̀léra báyìí: 1 dé 7 jẹ́ ti Western, 8 dé 14 jẹ́ ti Central.

Àárọ̀, láti nǹkan bí aago 8 sí 11, ìsàlẹ̀ ni èrò ń wọ́ lọ. Ìrọ̀lẹ́, láti aago 5 sí 9, wọ́n ń padà sókè. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá lòdì sí ti ayé, tó ń gbé nísàlẹ̀ tó sì ń ṣiṣẹ́ lókè, ó lè jókòó kó máa ka ìwé. Ẹni tó bá ń wá ilé háyà ní Mumbai, kó fi èyí sọ́kàn kó tó san owó.

Tíkẹ́ẹ̀tì

Kò sí géètì tó máa dá yín dúró ní ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ wọ̀nyí, ìyẹn ló sì ń tan àlejò jẹ. Àwọn tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò, tí wọ́n ń pè ní TC, ìdí àtẹ̀gùn afárá ni wọ́n sábà máa ń dúró sí, níbi tí ẹ kò ti lè yà sí ibì kankan. Owó ìtanràn jẹ́ rúpì 250, wọ́n á sì tún gba owó ọkọ̀ lé e. Second class bẹ̀rẹ̀ láti rúpì 5, nítorí náà ìrìn àjò tí ẹ kò sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè jẹ owó ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ẹ lè tò lójú fèrèsé, ẹ lè lo ATVM, ẹ̀rọ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ẹ sì lè rà á lórí fóònù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ATVM, ẹ máa ń rí àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè tó ń bá èèyàn tẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ orúkọ ibi tí ẹ ń lọ fún un, ẹ fún un lówó, tíkẹ́ẹ̀tì ti jáde. Ti orí fóònù, UTS ni áàpù tí ìlú lò fún ìgbà pípẹ́ kí RailOne tó jáde ní 1 Oṣù Keje 2025. Ohun tó máa ń dá èèyàn láàmú ni pé áàpù kì í ta tíkẹ́ẹ̀tì aláìníwèé fún ẹni tó bá ti wà lẹ́bàá ojú irin. GPS ló fi ń mọ̀. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó sínú ọkọ̀ kó wá máa ra tíkẹ́ẹ̀tì nígbà tó bá tajú kán rí TC. Ẹ rà á nígbà tí ẹ ṣì wà lójú títì. Bí ẹ bá ti wọlé kí ẹ tó rántí, ẹ padà sójú fèrèsé tàbí ìdí ATVM. Bí bátìrì fóònù bá kú, ẹ kò ní tíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn lójú TC, àwòrán tí ẹ yà láti ojú fóònù pàápàá kò sì ní gbà yín.

First class bẹ̀rẹ̀ láti rúpì 25. 50 ni kí wọ́n tó dín in kù ní Oṣù Karùn-ún 2022. Ẹ má retí ọlá kankan níbẹ̀. Tìmùtìmù àga rẹ̀ nípọn díẹ̀, èèyàn sì dín díẹ̀, ó tán. Ní aago 8:30 ní Andheri, ìdúró ni ọ̀pọ̀ èrò first class náà wà. Ọkọ̀ AC, tó bẹ̀rẹ̀ ní 25 Oṣù Kejìlá 2017, ló yàtọ̀ gan-an: ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì fúnra rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ sì dá wà, ó wọ́n. Àìdáa rẹ̀ ni pé wọn kò pọ̀. Bí ọ̀kan bá fi yín sílẹ̀, òmíràn lè pẹ́ kó tó dé.

Ẹni tó bá máa lò tó oṣù kan, páàsì ni kó gbà, ti oṣù 1 tàbí oṣù 3. Yàtọ̀ sí pé ó dínwó, ó gbà yín láàyè láti bọ́ sílẹ̀ níbikíbi láàárín ìkángun méjèèjì, kí ẹ sì tún wọ òmíràn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 kì í san.

Bí wọ́n ṣe ń ka pátákó

Pátákó tó ń tàn lókè pèpéle kò gùn, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló ní ìtumọ̀: lẹ́tà ibi tí ọkọ̀ ń lọ, F (èyí tó ń yára) tàbí S (èyí tó ń dúró níbi gbogbo), aago, àti iye kóòṣì, tí í ṣe 12 tàbí 15. Ní Western, BO ni Borivali, V ni Virar, C ni Churchgate. A lójú Western ni Andheri, ṣùgbọ́n lójú Central, Ambernath ni. Èyí tó burú jù ni N àti S lójú Central: N ni Kasara, S ni Karjat. S yìí kan náà tún ni wọ́n fi ń kọ ọkọ̀ tó ń dúró níbi gbogbo. Àyè tí lẹ́tà náà wà ni kí ẹ wò: ti ìlú ló máa ń ṣíwájú, ti ìrìn ló ń tẹ̀ lé e.

F ń fo ibùdókọ̀. Láti Churchgate, F lójú Western máa dúró ní Mumbai Central, Dadar, Bandra, Andheri àti Borivali, àwọn kékeré tó wà láàárín kò kàn án. Ẹni tó ń lọ sí Santacruz tó wọ F, Andheri ló máa bá ara rẹ̀, á wá máa wá S tó ń padà. Kì í ṣe gbogbo F ló ń fo ibi kan náà, nítorí náà ẹ tún wo m-Indicator, áàpù tí gbogbo ará Mumbai ní lórí fóònù. Ó ń fi àkókò hàn, ó sì ń fi hàn ọwọ́ tí pèpéle máa wà ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí ṣe kókó, a máa dé orí rẹ̀.

Iye kóòṣì ni àlejò kì í kà. Bí ẹ bá dúró sí ìkángun pèpéle níbi tí ọkọ̀ 15 máa ń dé, tó wá jẹ́ 12 ló wọlé, ẹ̀yìn rẹ̀ á dúró jìnnà sí yín, ẹ ó sì sáré láàárín èrò. Nínú ìṣẹ́jú àáyá 20, ẹ kò ní bá a.

Ibi tí ẹ máa dúró sí

Ọkọ̀ máa ń dúró sójú kan náà lójoojúmọ́, kóòṣì kọ̀ọ̀kan sì ní àyè tirẹ̀ lórí pèpéle. Níbi tí first class máa ń dé, wọ́n fi àwọ̀ pupa àti yẹ́lò fa ìlà dídà sára òpó àti sára kóòṣì fúnra rẹ̀. Kóòṣì obìnrin náà ní àmì tirẹ̀. Ọkùnrin tó bá wọ̀ ọ́ á gbọ́ èébú kó tó gbọ́ iye owó ìtanràn. Láti 1992 ni odindi ọkọ̀ tó jẹ́ ti obìnrin nìkan ti wà lójú Western, Ladies Special ni wọ́n ń pè é.

Kóòṣì kékeré kan wà fún àwọn tó ní àléébù ara, aláìsàn jẹjẹrẹ àti aboyún. Ẹni tó bá gbé aláìsàn wá láti Nàìjíríà sí Tata Memorial, ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ tó wà ní Parel, kó mọ̀ pé ìwé dókítà ni wọ́n máa bi í níbẹ̀. Kóòṣì ẹrù tún wà, tí kò ní àga púpọ̀: ibẹ̀ ni àwọn alẹ́ja ń wọ̀, àti àwọn dabbawala, àwọn ọkùnrin onífìlà funfun tó ń gbé oúnjẹ ọ̀sán láti ilé lọ sí ọ́fíìsì, iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe láti bíi 1890. Pákó tí wọ́n ń to abọ́ oúnjẹ lé gùn ju èèyàn lọ, orí ni wọ́n sì ń gbé e sí. Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n kígbe lẹ́yìn yín, ẹ yà fún wọn kíákíá, nítorí ẹrù yẹn kò ṣeé dá dúró.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ronú afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó wà níbi tí ẹ ń lọ. Bí ó bá wà lápá Churchgate pèpéle, kóòṣì iwájú ni kí ẹ wọ̀ bí ẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é dáadáa, ẹsẹ̀ yín á kan àtẹ̀gùn kí èrò tó kún un. Bí ẹ kò bá ṣe é, ẹ lè lo ìṣẹ́jú mélòó kan lórí pèpéle láti jáde nìkan.

Wíwọlé

Báàgì kì í wà lẹ́yìn nínú local. Ẹ gbé e kọ́ àyà kí ọkọ̀ tó dé. Olè jẹ́ ìdí kan. Èyí tó tún ṣe pàtàkì ni pé báàgì ẹ̀yìn máa ń há láàárín èèyàn méjì, á sì fà yín padà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ ti ń lọ. Fóònù, inú àpò tó ní síìpù. Sálúbàtà tí kò ní okùn ẹ̀yìn kò dára. Àìmọye ló ń jábọ́ sáàárín ọkọ̀ àti pèpéle.

Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ẹ má dojú kọ ọ́ gangan, nítorí àwọn tó ń bọ́ sílẹ̀ ń jáde pẹ̀lú agbára. Ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fò wọ ọkọ̀ kó tó dúró, ní Churchgate àti CSMT pàápàá, nítorí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹ má fara wé wọn. Òpó irin kan wà láàárín ẹnu ọ̀nà tó pín in sí méjì. Ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ dì mú, kì í ṣe ti àárín tí ọwọ́ mẹ́wàá ti wà lára rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti wọlé, ẹ má dúró. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí kò mọ ibi tó ń lọ ni gbogbo èèyàn ń bú.

Bí ibi tí ẹ ń lọ bá jìnnà, ẹ kọjá sáàárín àga, níbi tí atẹ́gùn fáànù ti ń fẹ́. Àga tí wọ́n ṣe fún èèyàn 3, mẹ́rin ló ń jókòó sí i, ẹni kẹrin á fi ìdí kan gbé e, ìdí kejì á wà ní òfuurufú. Ẹ̀tọ́ ni, bí ẹ bá sọ pé kí àwọn mẹ́ta sún, wọ́n máa sún. Bí ẹ bá fẹ́ àga ẹnì kan, ẹ béèrè pé, “Kahan utrenge?”, ìyẹn ni pé níbo ni wọ́n ti máa bọ́ sílẹ̀. Bó bá dáhùn, àga náà ti di tiyín nígbà tó bá dìde, àwọn tó gbọ́ á sì bá yín pa á mọ́.

Ọgbọ́n mìíràn tún wà: àwọn kan tó ń gbé ní Malad á kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ tó ń lọ sókè sí Borivali, wọ́n á jókòó sínú rẹ̀ títí tó fi máa yí padà sí Churchgate. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì tàbí páàsì yín gbọ́dọ̀ bo Malad sí Borivali náà. TC mọ ọgbọ́n yìí dáadáa.

Bíbọ́ sílẹ̀

Èyí ló le ju wíwọlé lọ. Ẹni tí ibùdókọ̀ rẹ̀ kù méjì gbọ́dọ̀ ti máa rìn bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fọwọ́ kan ẹni tó wà níwájú yín léjìká, ẹ ní, “Dadar utarna hai?”, ìyẹn ni pé ṣé Dadar ló ti máa bọ́ sílẹ̀. Bó bá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ tò sẹ́yìn rẹ̀, ó parí. Bó bá ní rárá, á yí ara, ẹ ó sì gba ipò ara yín. Báyìí ni ìlà máa ń tò fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ń darí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àyè tí ẹnikẹ́ni lè gbé ẹsẹ̀ sí.

Ọwọ́ tí pèpéle máa wà ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Ẹ lè tò dáadáa sí ẹnu ọ̀nà ọ̀tún, kí pèpéle wá yọ lósì. Ẹ ti wò ó nínú áàpù ṣáájú, àbí ẹ béèrè. Ìkéde inú ọkọ̀ máa ń wá ní èdè Màrátì, Híńdì àti Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá gbọ́ “pudhil station”, orúkọ ibùdókọ̀ tó kàn ló ń bọ̀.

Nípa Virar F ní ìrọ̀lẹ́: bí Borivali tàbí Andheri lẹ ń lọ, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn tó ń lọ jìnnà kórìíra ẹni tó wọ ọkọ̀ wọn fún ọ̀nà kúkúrú. Wọ́n á dí ẹnu ọ̀nà, ẹ ó sì bá wọn dé ìlú tí ẹ kò fẹ́. Ẹ wọ Borivali F, àwọn tó wà nínú rẹ̀ á jọ bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú yín.

Ohun tó ń pa èèyàn

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí kì í ṣe AC kì í tì. Atẹ́gùn ibẹ̀ dùn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rọ̀ mọ́ ọn. Ní 9 Oṣù Kẹfà 2025, nítòsí Mumbra, àwọn tó rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà jábọ́ nígbà tí ọkọ̀ méjì ń kọjá lára wọn, àwọn kan sì kú. Àwọn olè tún máa ń dúró lẹ́bàá ojú irin pẹ̀lú ọ̀pá, wọ́n á lu ọwọ́ ẹni tó ń tẹ fóònù lẹ́nu ọ̀nà kí fóònù lè já bọ́. Wáyà òkè gbé iná 25,000 volt, nítorí náà kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gun òrùlé. Fífo ojú irin kọjá láti pèpéle kan sí èkejì náà kò dára. Bí ọkọ̀ kan ṣe ń lọ, ariwo rẹ̀ máa ń bo ti èkejì tó ń bọ̀ mọ́lẹ̀.

Afárá náà lè pani. Ní 29 Oṣù Kẹsàn-án 2017, ní ibùdókọ̀ Elphinstone Road tí wọ́n ń pè ní Prabhadevi báyìí, èrò tó sá fún òjò dúró sórí àtẹ̀gùn, àwọn tó ń bọ́ látinú ọkọ̀ sì ń ti wọ́n láti ẹ̀yìn. Ó lé ní èèyàn 20 tó kú. Bí òjò bá ń rọ̀ tí ẹ sì rí i pé àtẹ̀gùn kò rìn, ẹ dúró lórí pèpéle, ẹ fara ti ògiri. Ìṣẹ́jú 10 kò pọ̀.

Òjò àti ọjọ́ Àìkú

Láti Oṣù Kẹfà dé Oṣù Kẹsàn-án ni òjò ń rọ̀. Ojú irin rẹlẹ̀ ní Sion àti Kurla, omi máa ń bò ó, ọkọ̀ á sì dúró. Ọjọ́ tó burú ni ọjọ́ tí òjò ńlá bá bá òkun tó kún pàdé, nítorí omi ìlú kò ní ríbi ṣàn sí. Ní 26 Oṣù Keje 2005, mìlímítà 944 ló rọ̀ ní Santacruz láàárín wákàtí 24, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì sùn sí ọ́fíìsì. Nítorí náà, ẹ wo aago tí òkun máa kún láàárọ̀ kí ẹ tó jáde. Ìwé ìròyìn ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi fóònù sínú ọ̀rá, ẹ mú páwà báǹkì dání. Bí ọkọ̀ bá dúró láàárín ọ̀nà, ẹ má bọ́ sójú irin àyàfi bí òṣìṣẹ́ rélùwéè bá ní kí ẹ bọ́ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n máa ń ti apá kan ojú irin láti tún un ṣe, megablock ni wọ́n ń pè é. S á máa gba ojú irin F, á sì fo àwọn ibùdókọ̀ kan. Wọ́n máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú. Ẹni tó ní ìpàdé lọ́jọ́ náà kó kà á.

Bí ẹ bá ti jáde

Lẹ́nu ibùdókọ̀, ẹ jẹ vada pav. Bí ẹ bá ti mọ búrẹ́dì àti àkàrà jẹ, kò ní ṣàjèjì sí yín. Pòtétò tí wọ́n fi aáyù, ata ilẹ̀ àti ata ilẹ̀ pupa gún ni wọ́n rì sínú ìyẹ̀fun ẹ̀wà chana, tí wọ́n wá dín. Ẹni tó ń tà á á la búrẹ́dì rọ̀bọ̀tọ̀ láàárín, á fi chutney ewé pa á, á wọ́n lúbúlúbú aáyù àti ata pupa sí i, á ti vada gbígbóná bọ̀ ọ́, á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wẹ́, á sì fi ata tútù díndín oníyọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́ níbi tí wọ́n ti ń dín in lójú yín. Èyí tó ti tutù kò dùn, epo rẹ̀ á ti gbẹ sínú búrẹ́dì. Ẹ fi cutting lé e, ìyẹn tíì oníwàrà àti ata ilẹ̀ tí wọ́n dà dé ìdajì ife.

Láti ibẹ̀, ẹni tó wà lókè Bandra tàbí Sion lè gba kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Kẹ̀kẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ wọ ìsàlẹ̀ ìlú, takisí dúdú òun yẹ́lò ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Láti 1 Oṣù Kejì 2025, rúpì 26 ni mítà kẹ̀kẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀, ti takisí jẹ́ 31. Ẹ rí i pé ó tẹ mítà kó tó gbéra, kí ẹ sì mú owó kéékèèké dání, nítorí ṣéńjì rúpì 500 láàárọ̀, awakọ̀ kò ní i.